Ahoro Kọ́: Ilé-Ẹ̀kọ́, Kóòtù àti Túbú Orí Òkè Ìdànrè

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ kò ní láti làágùn rárá. Ó lè wo ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tàbí àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní Èkó. Ní Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì tó lé ní 600 ẹsẹ̀. Mo sọ pé ó lé ní 600 nítorí n kò tíì rí ẹni méjì tó kà á tí iye wọn bára mu. Ẹnì kan á ní 640, òmíràn á ní 660, ẹlòmíràn á sì búra pé 682 ni. Mo rò pé àárẹ̀ ló ń ka ìyókù fún wọn.

Lókè pátápátá, láàárín àwọn àpáta, ni ìlú àtijọ́ wà. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, àwọn ojúbọ àti ibojì àwọn ọba sì wà níbẹ̀. Láàárín wọn ni ilé mẹ́ta kan wà tí kì í ṣe ti ìṣẹ̀ǹbáyé: ilé-ẹ̀kọ́, kóòtù, àti yàrá àtìmọ́lé. Àwọn mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àlejò máa ń lò fún wọn, ìyẹn “ahoro”, èyí tí ìyá ìyá mi, ọmọ bíbí Ìdànrè, kò gbà láyé.

Kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí èèyàn ń wá lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà kan. Ẹni tó bá ti dúró lókè níbẹ̀ kò tún ní béèrè ìdí rẹ̀ mọ́, nítorí pé ọ̀nà tó wọlé kéré, ojú sì ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ẹni náà tó dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ni ilẹ̀ Yorùbá fi ń jẹun. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Orí òkè ni àwọn ará Àdó-Àwáyè náà gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ogun Kírìjì nìkan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Àpáta ni odi ìlú Ìdànrè, odi tí ẹnikẹ́ni kò mọ.

Àlàáfíà yìí gan-an ló sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n ti gba Èkó ní 1861. Ní àwọn ọdún 1870, Gómìnà Glover ti la ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá, kí òwò Èkó má baà dúró nígbàkígbà tí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá bá ti ọ̀nà tiwọn. Àwọn míṣọ́nnárì tẹ̀lé ọ̀nà náà. Ní 1892 wọ́n fi ìbọn ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, kò sì pẹ́ tí ìlú tó kù fi mọ̀ pé ayé ti yí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìyẹn 1896, ni ọdún tí wọ́n so mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orí Òkè Ìdànrè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó wà lókè níbẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ilé bíríkì pẹ̀lú fèrèsé gígùn bí ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ilé amọ̀ ni. Amọ̀ òkè náà ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ ilé ara wọn, bí ẹ bá sì yọ páànù orí rẹ̀ kúrò, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí agbo ilé mìíràn. Mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi ronú sí èyí dáadáa. À ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ta ló po amọ̀? Ta ló pọnmi? Mọ́tò kankan kò lè gun òkè náà títí di òní, nítorí náà orí èèyàn ni gbogbo páànù àti ìṣó tó dé ibẹ̀ gbà dé. Àwọn tó fi orí rù ú ni wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọ, àwọn ọmọ wọn ni wọ́n sì jókòó sínú rẹ̀ láti kọ́ A, B, D. Ilé agogo wà lókè náà pẹ̀lú. Mo máa ń ronú bí ohùn agogo yẹn ṣe máa ń dún láàárín àpáta, níbi tí ohùn gbohùngbohùn ti ń dá èèyàn lóhùn ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Kóòtù ni ó wù mí jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 1906 ni wọ́n kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da Èkó àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti fi àwọn ìjòyè ìlú ṣàkóso ìlú fún wọn. Ẹni tó bá jáde láti ààfin kò ní rìn jìnnà kó tó dé kóòtù. Ìjìnnà kékeré yìí ni gbogbo ìtàn náà lójú tèmi.

Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Ọwá àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni ẹjọ́ ń lọ. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jà, bí ẹnì kan bá gbin iṣu sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á jókòó, àgbà á sọ, ọmọdé á gbọ́. Ìdájọ́ wà ní orí àwọn àgbà, kò sí nínú ìwé. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ dé, àwọn ìjòyè kan náà ló tún jókòó láti gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kà. Ẹni tó pẹjọ́ á san owó sàmáǹsì. Ẹni tó jẹ̀bi á san owó ìtanràn tàbí kó wẹ̀wọ̀n. Bí ìdájọ́ kò bá sì tẹ́ Ajẹ́lẹ̀ lọ́rùn, ó lè yí i padà. Ẹ wá wò ó pé ìjòyè tó dá ẹjọ́ kalẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ lè gbọ́ lọ́la pé ọ̀dọ́mọkùnrin àjèjì kan ti fi kálàmù fagi lé e. Kò sí ìbọn kankan nínú èyí. Àwọn kan lè sọ pé kóòtù náà gba aláìní lọ́wọ́ alágbára, mi ò sì sẹ́ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n agbára ti kúrò ní ààfin bọ́ sí ilé kejì, àwọn òpó gbígbẹ́ náà sì ń wò ó.

Yàrá àtìmọ́lé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kéré, òkùnkùn ń bẹ nínú rẹ̀, àwọn àlejò sì fẹ́ràn láti ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á di ẹnu ọ̀nà mú bí ẹlẹ́wọ̀n. Èmi kò yà á.

Báwo wá ni ìlú tí ogun kò lè lé ṣe sọ̀kalẹ̀? Láàárín 1920 sí 1935 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí kúrò. Wọn kò ṣí kúrò ní ọjọ́ kan, wọn kò sì jùmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kòkó jẹ́ ìdí pàtàkì. Kòkó kì í hù lórí àpáta. Inú igbó ìsàlẹ̀ ni oko rẹ̀ wà, títí di òní Ìdànrè sì wà lára àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní kòkó yóò kórè, yóò sá a, yóò gbé e lọ fún àwọn tó ń rà á lẹ́bàá títì. Tó bá tún gun òkè lọ sùn lálẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sọ fún un. Ogun sì ti tán, odi kò wúlò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìjọba náà kò fẹ́ràn ìlú tí mọ́tò kò lè dé, nítorí pé ó ṣòro láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn àpáta. Lójú mi, ìjọba ló kọ́kọ́ gun òkè tọ àwọn ènìyàn lọ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Nígbà tí ó ti mọ̀ wọ́n tán, ó dúró sí ìsàlẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n wá bá òun.

Ibí yìí ni èmi àti Màmá Àgbà ti ń jiyàn. Ìyá tirẹ̀ wà lára àwọn ọmọdé tó sọ̀kalẹ̀ láti òkè, tó gbé ìkòkò lórí, tí adìyẹ sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Màmá Àgbà ní ahoro ni ibi tí ogun tú, tí ará ibẹ̀ sá, tí koríko hù sí ojú àdògán wọn. Ó ní àwọn kò sá. Wọ́n kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ ní ìrọ̀rùn, wọ́n sì ń padà lọ bọ ohun tí wọ́n ń bọ. Nígbà ọdún Òròsùn àwọn ènìyàn ń gòkè lọ. Ṣé ahoro ni èèyàn ń ṣọdún sí? Èmi náà sọ fún un pé tí kóòtù, ọjà àti títì bá ti wà ní ìsàlẹ̀ tán, kò dájú pé ìrọ̀rùn ni orúkọ sísọ̀kalẹ̀ yẹn. Ó wò mí, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ mi ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ahoro, mo gbà fún un, mo sì ti jáwọ́ nínú lílo ọ̀rọ̀ náà.

Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO pé ó yẹ kí wọ́n di ohun àjogúnbá àgbáyé. Amọ̀ kò mọ UNESCO, òjò ló mọ̀. Bí a kò bá rẹ́ ògiri amọ̀, tí páànù sì ń jò, ọdún díẹ̀ ló kù fún un. Àwọn àlejò kan sì ń fi èédú àti ìṣó kọ orúkọ ara wọn sára ògiri. Ó ń bí mi nínú ju òjò lọ, nítorí pé ẹni tó wá ní àná ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, a kò sì rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó po amọ̀ náà, tàbí àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jókòó nínú kíláàsì, tàbí àwọn tí wọ́n tì mọ́ yàrá kékeré yẹn. Ọdún ni wọ́n kọ sára pátákó. Ọdún kò lẹ́bí.

Ilé ìkó-ìwé-ìtàn-pamọ́ ti ìjọba wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé ìjọba àtijọ́ nípa Ẹkùn Oǹdó wà. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa kó wa lọ síbẹ̀ kí a tó parí ilé-ẹ̀kọ́, kí a lè wá àwọn orúkọ náà. Èyí tí àwọn àgbà mọ̀ ni kò lè dúró dè wá. Mo ti ra ìwé kékeré kan, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Màmá Àgbà. Orúkọ mọ́kànlá ni mo ti rí títí di ìsinsìnyí: mẹ́jọ nínú àwọn tó jókòó ní kíláàsì, méjì tó ru páànù, àti akódà kóòtù kan. Lórí akódà yìí, Màmá Àgbà ní agbo ilé tó wà lẹ́yìn ààfin ni ó ti wá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì ní irọ́ ni, pé apá ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ni ilé wọn. Bí mo ṣe ń kọ àròkọ yìí, wọn kò tíì parí rẹ̀.