Ìfẹ́ Tí A Ń Fi Òǹkà Wọ̀n: Ìtàn Àwọn Olólùfẹ́ nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ Enix ní orílẹ̀-èdè Japan gbé eré kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dragon Quest. Yuji Horii ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Nínú eré náà, jagunjagun kan wọ inú ihò ilẹ̀, ó pa dírágónì tí ó ń ṣọ́ ọmọbìnrin ọba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọbìnrin náà padà sílé bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin ọba bi í léèrè bóyá ó fẹ́ràn òun. Òṣeré, èyí ni ẹni tí ó jókòó sí iwájú ẹ̀rọ tí ó ń darí jagunjagun náà, lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọbìnrin náà kò gbà. Yóò tún ìbéèrè náà bi í, yóò tún un bi í, títí òṣeré yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka àròkọ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bi mí nígbà kan bóyá a lè ka irú eré báyìí mọ́ lítíréṣọ̀. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ẹ̀dá ìtàn, wọ́n ní ibùdó ìtàn, wọ́n ní àhunpọ̀ ìtàn tí ó díjú ju ti ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń kà nínú kíláàsì lọ. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí ìwé ni pé ẹni tí à ń sọ ìtàn fún ni ó ń pinnu ohun tí olú ẹ̀dá ìtàn yóò sọ àti ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ìfẹ́, ìpinnu yìí a máa bí ìṣòro kan: báwo ni ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju òǹkà lọ ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ràn ẹnì kejì?

Ìdílé tí àwọn eré náà ti wá ni ó fa ìṣòro yìí. Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì. Òǹkà ni wọ́n fi ń sọ bí agbára ẹ̀dá ìtàn ti pọ̀ tó, òǹkà ni wọ́n fi ń sọ ọgbọ́n rẹ̀, òǹkà náà ni wọ́n fi ń mọ bí ọgbẹ́ idà ti jìn tó. Ogun ni ìṣirò náà wà fún. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba eré yìí lọ́wọ́ tábìlì, ó gba òǹkà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì gba ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí olúkúlùkù wọn ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938: Kàkó ni alágbára, Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ni olórin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Kàkó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe nígbà tí ìyẹn fẹ́ dá a dúró. Nínú ìwé yẹn, ìdènà ìrìn-àjò ni ìfẹ́. Nínú àwọn eré tí mo ń sọ yìí, ìfẹ́ ń bá wọn rìn ní ojú ọ̀nà.

Horii fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí i pé òṣeré lè jókòó kí ọkàn rẹ̀ sì dàrú lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí kì í ṣe ti ẹlẹ́ran-ara. Dragon Quest V, tí ó jáde ní ọdún 1992, tẹ̀lé ọkùnrin kan láti kékeré títí ó fi di bàbá ọlọ́mọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó dé ìlú kan níbi tí ọlọ́rọ̀ kan ti kéde pé ẹni tí ó bá mú òrùka iná àti òrùka omi wá ni òun yóò fi ọmọbìnrin òun, Flora, fún. Ó rí ti iná. Bí ó ti ń wá ti omi kiri, ó bá Bianca pàdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe, tí ó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn ní abúlé orí òkè. Bianca ní òun yóò bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e wọ inú ihò, ó bá a jà, ó sì bá a wá òrùka tí ọkùnrin tí òun fẹ́ràn yóò fi fẹ́ obìnrin mìíràn. Nígbà tí wọ́n padà dé, Flora alára ni ó wo ojú Bianca tí ó sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí ọkùnrin náà lọ sùn, kí ó wá sọ ẹni tí ó fẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó ga jù nínú eré náà, kò sì sí ìjà kankan nínú rẹ̀. Òṣeré lè rin ìlú ká nínú òkùnkùn. Yóò bá Bianca níbi tí oorun kò ti kùn ún. Kò sí òǹkà kankan tí yóò sọ fún un ẹni tí ó tọ́ kí ó fẹ́. Èyíkéyìí tí ó bá mú, ìtàn yóò tẹ̀ síwájú, wọn yóò bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọ̀ irun àwọn ọmọ náà yóò sì dà bí ti ìyá wọn. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìyàwó, bí ìgbà tí ẹbí méjì bá ń fa ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1997 ni òǹkà wọ inú ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀. Gbogbo ayé ni ó rántí Final Fantasy VII, tí Square ṣe, nítorí ikú Aerith tí Sephiroth fi idà gún láti ẹ̀yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣeré kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹ̀rọ ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn àti ọ̀rọ̀ kíkorò tí wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò kan ilẹ̀kùn Cloud pé kí àwọn jáde lọ ṣe fàájì. Ìṣirò yẹn ni ó ń pinnu bóyá Aerith, Tifa tàbí Yuffie ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá ti hùwà sí àwọn obìnrin náà bí kò ṣe yẹ lè ṣí ilẹ̀kùn kí ó bá Barret, géńdé onírùngbọ̀n tí ìbọn rọ́pò ọwọ́ rẹ̀ kan. Ẹ̀rín ni wọ́n fi í ṣe, ó sì yẹ ní ẹ̀rín, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni òṣeré ti kọ́ láti máa bi ara rẹ̀ pé: kí ni kí n sọ kí òǹkà mi lè pọ̀ sí i?

Ìbéèrè burúkú ni. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ dídùn nítorí ohun tí yóò rí gbà, a mọ orúkọ tí à ń pè é láàárín ara wa. Iṣẹ́ kan wà tí ó tètè rí ewu yìí, tí ó sì fi í ṣe kókó ìtàn rẹ̀. Planescape: Torment ni, tí Black Isle Studios gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Chris Avellone sì ni aṣáájú àwọn tí ó kọ ọ́. Olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kò ní orúkọ. Kì í kú. Bí wọ́n bá pa á, a jí, ṣùgbọ́n a gbàgbé ẹni tí òun jẹ́. Ilé òkú ni ó ti jí nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé iwin obìnrin kan, Deionarra, tí ó ń pè é ní olólùfẹ́ òun. Kò mọ̀ ọ́n rí.

Díẹ̀díẹ̀ ni òtítọ́ ń jáde. Nínú ayé rẹ̀ kan tí ó ti kọjá, ọkùnrin yìí mọ̀ pé obìnrin náà fẹ́ràn òun dé ibi pé ikú pàápàá kò ní lè fà á kúrò lẹ́yìn òun. Ó nílò ẹni tí yóò máa bá òun ṣọ́ ibi kan tí alààyè kò lè gbé. Nítorí náà ó sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó mú un lọ síbẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó kú síbẹ̀. Òkúta kan wà nínú eré náà tí ó ń pa ìrántí mọ́. Bí òṣeré bá fọwọ́ kàn án, yóò mọ ẹkún obìnrin náà lára, yóò sì mọ ọkàn tútù ọkùnrin tí ó ń ṣírò bí ó ti ń nu omijé rẹ̀ nù. Ọkàn òun fúnra rẹ̀ àtijọ́ ni.

Àwọn òǹkọ̀wé náà fi ọgbọ́n kan kún un tí n kò rí irú rẹ̀ nínú ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, gbólóhùn kan náà ni yóò hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ohun tí òṣeré lè sọ: wọ́n kọ òtítọ́ sí iwájú ọ̀kan, wọ́n kọ irọ́ sí iwájú èkejì. Etí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó ń ṣeré nìkan ni ó mọ èyí tí òun yàn. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìfìwàwẹ̀dá, báwo ni à bá ṣe fi eré orí ìtàgé gbé irú èyí jáde?

Kò pé ọdún kan sí ìgbà náà tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti Edmonton ní Kánádà gbé Baldur's Gate II jáde, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000. Àwọn dókítà oníṣègùn ni ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1995. Eré yìí ni ó sọ ìfẹ́ di ohun tí gbogbo òṣeré ń retí. Obìnrin mẹ́ta ni ó wà fún òṣeré tí ó bá ṣe ọkùnrin. Ẹni tí ó bá ṣe obìnrin, Anomen nìkan ni, ìpín tí kò dọ́gba rárá. Nínú wọn, Jaheira ni mo fẹ́ràn jù. Opó ni. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ni a ti rí òkú Khalid ọkọ rẹ̀, tí ọ̀tá ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Ìfẹ́ rẹ̀ kò yá. Yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀, orúkọ Khalid yóò sì jáde láàárín ọ̀rọ̀. Òṣeré kò lè kán an lójú. Bí ó bá sì dáhùn láìbìkítà nígbà tí obìnrin náà ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀ láìsí àtúnṣe.

Sùúrù yìí ni ilé-iṣẹ́ kan náà sọnù díẹ̀ ní ọdún 2009, nígbà tí ó ṣe Dragon Age: Origins. Òǹkà tí ó fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ wá hàn kedere lójú ẹ̀rọ, láti ọgọ́rùn-ún nísàlẹ̀ òdo dé ọgọ́rùn-ún lókè. Ẹ̀bùn a máa gbé e sókè, nítorí náà àwọn òṣeré a kó ẹ̀gbà ọrùn àti bàtà jọ, wọn a dà wọ́n sílẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n fẹ́. Àwọn baba wa mọ ẹ̀bùn nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n ìṣíhùn ni ti ẹni tí ó ti gbà. Kì í ṣe òun ni ó ń ra gbígbà. Síbẹ̀, n kò ní fi ojú kékeré wo eré náà. Leliana àti Zevran inú rẹ̀ lè fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ìparí rẹ̀ sì le: ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ogun ìkẹyìn, àjẹ́ Morrigan ní òun lè gba àwọn jagunjagun lọ́wọ́ ikú, bí ọ̀kan nínú wọn bá lè fún òun lóyún lóru yẹn. Òṣeré obìnrin tí ó fẹ́ràn Alistair lè di ẹni tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ ọkùnrin náà pé kí ó lọ. Skyrim ti ọdún 2011 kò tilẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀: fi ẹ̀gbà Mara sọ́rùn, ṣe oore kékeré kan fún ẹnì kan, ìgbéyàwó dé.

Àwọn ará Poland náà ti jẹ̀bi rí. The Witcher wọn ti ọdún 2007, tí wọ́n mú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ láti inú ìwé Andrzej Sapkowski, ń fún òṣeré ní káàdì alárànbarà fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tí ó bá bá lò, bí ẹni ń kó ẹran ìgbẹ́ jọ. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni apá kẹta rẹ̀ jáde, ó sì dà bí ẹni tí ó ronú. Idán àǹjọ̀nú ni ó so Geralt àti Yennefer pọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Obìnrin náà fẹ́ kí wọ́n wá àǹjọ̀nú mìíràn tí yóò tú idán náà, kí ó lè mọ̀ bóyá ìfẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí oògùn lásán ni. Nígbà tí idán tú, Geralt lè sọ pé òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì lè sọ pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó bá ṣèlérí fún Yennefer àti Triss pọ̀, àwọn méjèèjì yóò pàdé pọ̀, wọn yóò dè é mọ́ ibùsùn, wọn yóò sì bá tiwọn lọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Larian láti Ghent ní orílẹ̀-èdè Belgium gbé Baldur's Gate 3 jáde. Òǹkà ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Astarion wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú amùjẹ̀ kan fún nǹkan bí igba ọdún, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti fi ẹwà àti ọ̀rọ̀ dídùn fa àwọn ènìyàn wá fún ọ̀gá rẹ̀. Òun ni ó ń tan òṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀. Òṣeré rò pé òun ni òun ń ṣírò. Ẹni tí ó ń fẹ́ ti ṣírò rẹ̀ tán. Nígbà tí ó yá, Astarion jẹ́wọ́: ààbò ni òun ń wá, kò retí pé ọkàn òun yóò fà sí i. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n fi í ṣe, kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sún mọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé iṣẹ́ ni. Òṣeré lè gbà pé kí àwọn kàn jọ wà bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan, Araj, fẹ́ kí Astarion bu òun jẹ, ó sì fẹ́ fi oògùn agbára san án. Astarion ní rárá. Èrè náà dára, òṣeré sì lè rọ̀ ọ́ pé kí ó fara dà á. Bí ó bá rọ̀ ọ́ tí ó sì ṣe é, Astarion yóò padà wá bá a, yóò sọ bí ó ti rí lára rẹ̀, ìfẹ́ wọn sì lè tú ká níbẹ̀.

Jaheira wà nínú eré yìí náà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti sin Khalid, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì tún ń bá wọn jà. Kò sí ẹni tí ó lè fẹ́ ẹ mọ́. Ilé rẹ̀ wà nínú ìlú, àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́ sì ń gbé ibẹ̀.