Ìlù Kúbà Nínú Orin Jáàsì: Èyí Tó Jẹ́ Tiwa àti Èyí Tí Kì Í Ṣe Tiwa



A sábà máa ń gbọ́ níbi àjọ̀dún pé ìlù Yorùbá ni Chano Pozo gbé dé New York, tí orin jáàsì fi yí padà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tú u wò.

Ẹni tí ó la ọ̀nà ni Mario Bauzá, afunkàkàkí ọmọ Havana tí ó ṣí wá sí New York ní 1930. Òun àti àna rẹ̀, Machito, ni wọ́n jọ kó ẹgbẹ́ Afro-Cubans jọ ní 1940; ní 1943 ni orin wọn, “Tanga”, dáyé. Bauzá yìí kan náà ni ó fi Chano, onílù láti Havana, han Dizzy Gillespie ní 1947. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn méjèèjì jọ ṣeré ní Carnegie Hall. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti gba “Manteca” sínú àwo.

Ẹ̀yin onílù, ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe hun “Manteca”. Chano kò mọ bí a ti ń kọ orin sínú ìwé. Ẹnu ni ó fi sọ ohun tí gòjé ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ yóò máa wí, ó fi ẹnu sọ ti saxophone, ó sọ ti kàkàkí, ọ̀kan ń gun orí èkejì bí ọmọlé ìlù ṣe ń gun ara wọn. Lójú tirẹ̀, orin ti pé nìyẹn. Kí ó ṣáà máa yí lọ. Gillespie rí i pé kò sí ibi tí orin náà yóò yà sí, ó bá fi abala tuntun há a láàrin, kí ó lè jáde nílé kí ó sì tún padà wọlé. Ní tiwa, apá tí ń yí lọ ni ó wù wá jù, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sọ pé Gillespie ṣì í ṣe.

Ṣùgbọ́n ìlù wo ni Chano lù? Kọ́ńgà ni, ìlù tí orírun rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ará Kóńgò. Ẹgbẹ́ awo Abakuá tí ó wà nínú rẹ̀, agbègbè Calabar ni ó ti wá. Ogún àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a lè fi orúkọ Yorùbá bò mọ́lẹ̀. Oṣù kejìlá 1948 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Harlem, ní ẹni ọdún 33.

Bàtá ni tiwa. Nínú ilé òrìṣà ni àwọn Lùkùmí pa á mọ́ sí ní Kúbà. Nígbà tí Fernando Ortiz, onímọ̀ ìjìnlẹ̀, fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ ní gbangba ní 1936, wọn kò gbé èyí tí Àyàn wà nínú rẹ̀ jáde. Wọ́n gbẹ́ òmíràn tí a kò ṣe ètùtù fún. Aberikulá ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ìpinnu yìí ṣe pàtàkì lójú wa ju ohunkóhun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Carnegie Hall lọ, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ìlù lè dé orí ìtàgé láìjẹ́ pé ojúbọ ṣófo. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wá láti gbé ìlù ojúbọ lọ sí òde ijó nílé níhìn-ín kò tíì ronú dé ibẹ̀.

Ọ̀nà tí ìpinnu yẹn là ni bàtá gbà wọ inú jáàsì. Ní 1973, Chucho Valdés dá ẹgbẹ́ Irakere sílẹ̀ ní Havana, Oscar Valdés sì ń lu bàtá láàrin kàkàkí àti gìtá oníná. Ní 1978 wọ́n ṣeré níbi àjọ̀dún jáàsì Newport ní New York, àwo tí a gbà níbẹ̀ àti ní Montreux sì gba ẹ̀bùn Grammy ní 1980.