Ọ̀ta tí Ó Di Òpè: Sir George Thomas àti Ayò Kúkúrú Kan ní Lọ́ńdọ̀nù, 1912

Nídìí ọpọ́n ayò, ìbáà jẹ́ lábẹ́ igi ní Odigbo tàbí níwájú ìsọ̀ kan ní Ore, orúkọ méjì ni Yorùbá ní fún àwọn tí ó bá jókòó ta á. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí a ń jẹ láyò. Àwọn òǹwòran a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè kò sì gbọdọ̀ bínú. Síbẹ̀, kò sí ọ̀ta tí ẹnìkan kò jẹ láyò rí, pàápàá nírọ̀lẹ́ tí a kàn ń fi ayò najú, tí ọwọ́ ń yára ju ojú lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti tán, ọ̀ta ṣì ni ọ̀ta. Nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìtàn Sir George Thomas jẹ́rìí sí i.

Nítòsí ìlú Istanbul ni wọ́n ti bí Thomas ní 1881. Ilé ọlọ́ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n bí i sí, nítorí ìyá rẹ̀, Lady Edith Thomas, ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn obìnrin ní Hastings ní 1895. Òun náà borí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ṣẹ́ẹ̀sì ní 1923 àti ní 1934. Nínú ìdíje Hastings ti 1934 sí 1935, ó jẹ Capablanca láyò, ẹni tí ó ti jẹ́ ọba ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé láti 1921 sí 1927. Ó tún jẹ Botvinnik, tí yóò gorí oyè kan náà ní 1948. Àní eré ìdárayá badminton gan-an, òun ni ó fi ife ẹ̀yẹ tí a ń pè ní Thomas Cup lélẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ń díje fún láti 1949. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè níbikíbi.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1912, àlejò kan wọ ẹgbẹ́ àwọn olùta ṣẹ́ẹ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Edward Lasker ni orúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ọmọ ọdún 26 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé, tí kò tíì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. (Kí a má ṣe ṣì í mú fún Emanuel Lasker, tí ó jẹ́ ọba ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé nígbà náà.) Òun àti Thomas jókòó ta ayò kan. Kì í ṣe ìdíje, kò sí ife ẹ̀yẹ, wọ́n kàn ń yára ta á láti fi gbádùn ara wọn ni.

Ní ìgbésẹ̀ kẹwàá, Lasker gbé ayaba rẹ̀ sún mọ́ ilé ọba Thomas. Thomas rí i pé ẹṣin Lasker fẹ́ ṣí ọ̀nà fún ayaba náà, ó sì gbé ayaba tirẹ̀ síbi tí yóò ti lè gbèjà. Ewu tí ó rí, ewu tòótọ́ ni. Èyí tí kò rí ni ó pa á. Ní ìgbésẹ̀ kọkànlá, Lasker fi ayaba, ohun ìjà tí ó lágbára jù lórí ọpọ́n, pa ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo tí ó dúró níwájú ọba. Dandan ni kí ọba pa ayaba náà, kò ní ọ̀nà mìíràn. Bí ó ti pa á ni ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ó ń sá lọ, torí pé gbogbo ẹ̀yìn ti dí. Ìgbà méje ni ọba ṣí ẹsẹ̀, títí ó fi dé ìlà tí ó kẹ́yìn pátápátá nílẹ̀ Lasker. Ní ìgbésẹ̀ kejìdínlógún, Lasker kàn sún ọba tirẹ̀ kúrò lọ́nà, ohun ìjà tí ó dà bí ilé ìṣọ́ ní igun ọpọ́n rí ọ̀nà, ọba Thomas sì kú.

Àwọn ará Ore tí wọ́n mọ ìtàn ìjà 1967 lè rò pé àwọn ti rí irú èyí rí. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo ṣáájú sọdá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì rìn títí dé Ore, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá: ogun yẹn ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jìnnà sílé, ọba Thomas ni a fà.

Ohun tí Thomas ṣe lẹ́yìn ayò náà ni Lasker kò gbàgbé. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ní Thomas sọ̀rọ̀ ìyìn kan fún òun, òun kò sì gbọ́ ọ títí ẹnìkan fi túmọ̀ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ní Berlin tí ó ti wá, ẹni tí ó bá pàdánù a máa sọ fún ẹni tí ó borí pé oríire lásán ni. Ó ṣòro láti gbóríyìn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọba ẹni já gbogbo ọpọ́n níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni. Agbára tí Thomas lò níbẹ̀ kò kéré sí èyí tí ó fi na Capablanca.

Bí kò bá ṣe pé wọ́n kọ ayò náà sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ì bá bá a lọ. Ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ní ojú 64. Lẹ́tà a dé h ni a fi ń pe àwọn òpó rẹ̀, nọ́ńbà 1 dé 8 ni a fi ń pe àwọn ìlà rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè tún ayò 1912 ta lónìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìṣì ibì kan. Àkọsílẹ̀ kan náà ni ó sì ṣe Thomas níkà. Inú ìwé ìkọ́ni ni ayò náà ń gbé láti ìgbà náà wá, orúkọ Thomas sì ń bẹ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a pa. Ẹni tí kò bá ka ohun mìíràn nípa rẹ̀ yóò rò pé òpè ni.

Ti àwọn ọ̀ta tiwa wá yàtọ̀. A kò mọ ibi tí wọ́n ti ṣubú, a kò sì mọ ibi tí wọ́n ti borí. Bẹ́ẹ̀ ayò ọlọ́pọ́n rọrùn láti kọ ju ṣẹ́ẹ̀sì lọ. Ojúlé 12 péré ni, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fún àwọn ojúlé ní nọ́ńbà láti 1 dé 12, nọ́ńbà ojúlé tí olùta ti kó ọmọ nìkan ni a nílò láti kọ. Ibi tí àwọn ọmọ náà yóò bọ́ sí ti hàn nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ní gègé àti ìwé lè jókòó ti ọpọ́n ní Ore nírọ̀lẹ́ kan, kí ó kọ ayò odidi sí ojú ewé kan. Ní báyìí, bí ayò bá ti parí, wọ́n a pín ọmọ náà padà ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn.