Bí Àwọn Onílẹ̀ àti Àwọn Àgbẹ̀ Ṣe Parí Ìjà Ilẹ̀ ní Írẹ́lándì

Bí ẹ bá ń gbọ́ rédíò ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Faransé kan rí: boycotter. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní àwọn kò lọ sí ìpàdé kan, tàbí bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá ní àwọn kò dìbò, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa ń lò. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni? Charles Boycott ni orúkọ ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fún onílẹ̀ kan ní Írẹ́lándì. Ìjà tó sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé, àti bí wọ́n ṣe parí rẹ̀, ni a fẹ́ jọ kà.

Írẹ́lándì jẹ́ erékùṣù kan, ìyẹn ilẹ̀ tí omi òkun yí ká, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ogun gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, wọ́n sì pín in fún àwọn ènìyàn tiwọn tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì. Ẹni tó ni ilẹ̀ lánàá wá di ẹni tó ń san owó kí ó tó lè dáko lórí rẹ̀. Ẹ̀sìn tún dá kún un, nítorí pé Pùròtẹ́sítáǹtì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn onílẹ̀, Kátólíìkì sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kò tilẹ̀ gbé ibẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, aṣojú wọn ló ń gba owó ránṣẹ́ sí wọn.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ tiwa, àlejò tó wá dáko a máa mú ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀, bóyá iṣu, àgbàdo tàbí epo. Bí kò bá hùwà àìtọ́, wọn kì í ṣàdédé lé e. Ti Írẹ́lándì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan sí ọdún kan ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní lórí ilẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ro ilẹ̀ àkúrọ̀ títí tí ó fi dára, tí ó ṣa òkúta kúrò, tí ó kọ́ ilé sí i, onílẹ̀ lè sọ pé ilẹ̀ náà ti níye lórí, kí ó sì fi owó kún owó rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kò bá rí i san, a lé e jáde, ilé tó kọ́ sì di ti onílẹ̀. Ẹ wò ó, ta ni yóò fẹ́ tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Láti 1845, àrùn kan mú ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní pomme de terre. Oúnjẹ òun nìkan ni ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ ń jẹ. Ọkà wà lóko, ṣùgbọ́n ọkà ni wọ́n ń tà láti fi san owó ilẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ló kú nínú ìyàn náà, iye tó lé ní mílíọ̀nù kan sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ mìíràn, pàápàá Amẹ́ríkà. Wọ́n sì ń lé àwọn tí kò rí owó san jáde nínú ìyàn náà gan-an. Àwọn tó yè é kò gbàgbé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbà yẹn ni Michael Davitt. Ọdún 1846 ni a bí i ní ìpínlẹ̀ Mayo. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n lé bàbá àti ìyá rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀. Wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú, ẹ̀rọ sì gé apá ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Nígbà tó dàgbà, ó padà wá sí Mayo. Ní 1879, ọdún tí ìkórè tún bàjẹ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Charles Stewart Parnell ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé onílẹ̀ ni Parnell fúnra rẹ̀.

Ní oṣù September 1880, Parnell sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe pa ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kàn yẹra fún ẹni tó bá gba ilẹ̀ tí a lé ẹlòmíràn kúrò lórí rẹ̀. Kí wọ́n má kí i lọ́nà, kí wọ́n má bá a nájà lọ́jà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn gbọ̀ngbọ̀n ni Boycott. Àwọn òṣìṣẹ́ oko rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń fọ aṣọ rẹ̀ kò wá mọ́, àwọn oníṣòwò kò tà fún un. Nígbà tí ìkórè tó, àádọ́ta òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 sójà àti ọlọ́pàá láti ṣọ́ wọn. Àwọn ènìyàn fojú díwọ̀n pé ìjọba ná tó 10,000 pọ́n-ùn láti kórè ohun tí kò ju nǹkan bí 500 pọ́n-ùn lọ. Kí ọdún náà tó parí, Boycott ti fi Írẹ́lándì sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbọ́ràn sí Parnell lẹ́nu. Àwọn kan yìnbọn pa onílẹ̀, àwọn kan gé ẹsẹ̀ màlúù. Ìjọba náà ti àwọn olórí àgbẹ̀ mọ́lé, Parnell pẹ̀lú wọn.

Ní 1881, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin kan. Kóòtù ni yóò máa dá iye owó ilẹ̀, fún ọdún 15. Wọn kò gbọdọ̀ lé ẹni tó ń san owó rẹ̀, bí ó bá sì fẹ́ lọ, ó lè ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wa wí: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ní owó tí kóòtù dá ṣì ga. Àwọn onílẹ̀ ní ó ti kéré jù, wọ́n sì ń fẹ̀sùn kan àwọn àgbẹ̀ pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí oko wọn bàjẹ́ nígbà tí àyẹ̀wò bá sún mọ́lé. Lẹ́yìn ọdún 15, wọ́n tún padà sí kóòtù. Ogún ọdún kọjá, ìjà kò tán. Ní 1898, William O'Brien tún dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní Mayo, ìyọnu sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ti jẹ gbèsè. Wọ́n ti fi ilẹ̀ dúró ní báńkì, owó tó ń wọlé sì ń dín kù nígbà gbogbo tí kóòtù bá jókòó. Àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ owó ilẹ̀ tó dín kù nìkan mọ́, wọ́n fẹ́ ni ilẹ̀ náà. Ìjọba sì ti rẹ̀ láti máa san owó ọlọ́pàá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September 1902, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 40, John Shawe-Taylor, ọmọ ìdílé onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Galway, kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn. Kò sí ẹni tó rán an. Ó ní kí àwọn aṣojú onílẹ̀ àti àwọn aṣojú àgbẹ̀ jókòó sínú yàrá kan, ó sì dárúkọ àwọn tí ó fẹ́ kí ó wá. Àwọn onílẹ̀ ńlá tí ó kọ́kọ́ dárúkọ kọ̀. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín pé ta ni í ṣe. Ṣùgbọ́n George Wyndham, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ Írẹ́lándì, sọ ní gbangba pé ìjọba yóò gba ohun tí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí yẹ̀ wò. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílẹ̀ kéékèèké ní àwọn fẹ́ kí ìpàdé náà wáyé.

Ní 20 December 1902, ènìyàn mẹ́jọ péjọ sí ilé mẹ́ẹ̀rì ìlú Dublin. Dunraven, Mayo, Hutcheson-Poë àti Everard wá fún àwọn onílẹ̀. John Redmond, William O'Brien, Timothy Harrington tó jẹ́ mẹ́ẹ̀rì ìlú náà, àti T. W. Russell tó ń gbẹnu sọ fún àwọn àgbẹ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì ti àríwá, wá fún àwọn àgbẹ̀. Nínú wọn ni àwọn tó ti lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìjà yìí wà. Dunraven ni wọ́n fi ṣe alága. Ní 3 January 1903, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo.

Kí ni wọ́n rí tí àwọn ará ìṣáájú kò rí? Ẹ mú gègé àti ìwé, kí a jọ ṣírò rẹ̀.

Ká ní àgbẹ̀ kan ń san pọ́n-ùn 10 lọ́dún. Onílẹ̀ kì í rí gbogbo 10 náà jẹ, nítorí ó ń san nǹkan bíi pọ́n-ùn 1 fún ẹni tó ń bá a gbà á. 9 ló kù sí i lọ́wọ́. Onílẹ̀ ní bí òun bá ta ilẹ̀, òun kò fẹ́ kí ohun tí òun ń rí dín ju 9 lọ. Àgbẹ̀ ní bí òun bá ra ilẹ̀, owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ dín; ká ní kí ó jẹ́ 8. Ó ku pọ́n-ùn 1 láàárín wọn. Nítorí irú pọ́n-ùn kan yìí ni wọ́n ṣe ń jà láti ọjọ́ yìí wá.

Ohun tí àwọn mẹ́jọ náà sọ ni pé kí ìjọba wọ àárín. Òfin tí Wyndham gbé jáde ní August 1903 sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba yóò san owó ilẹ̀ fún onílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbẹ̀ yóò máa san án padà fún ìjọba fún ọdún 68 àti ààbọ̀. Lórí 100 pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, yóò máa san pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 5 lọ́dún. Nínú rẹ̀, pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 15 ni èlé, ṣílè 10 tó kù ń pa gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. (Ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan nígbà náà.) Ẹni tó lè san 8 lọ́dún, owó tí a lè yá a jẹ́ nǹkan bí 246. Bí onílẹ̀ bá gba 246 tí ó fi sí ibi tó ń mú pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 5 wá lórí 100, 8 náà ni yóò máa rí. Ó ṣì ku 1. Nítorí náà ìjọba fi ẹ̀bùn 12 kún 100 kọ̀ọ̀kan fún onílẹ̀ tó bá tà. 246 di nǹkan bí 275. 275 ń mú nǹkan bí 9 wá. Ẹ ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹ bá ń ṣiyèméjì.

Ohun mìíràn tó ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni pé wọn kò dójú ti onílẹ̀. Ó lè pa ilé rẹ̀ àti oko àyíká ilé mọ́, kí ó máa gbé láàárín àwọn tó ti ń san owó fún un tẹ́lẹ̀. Wọn kò sì fi agbára mú ẹnikẹ́ni láti tà.

Inú gbogbo ènìyàn kò dùn. Davitt bínú. Ó ní kí ló dé tí àgbẹ̀ yóò fi ra ilẹ̀ tí wọ́n fi ogun gbà lọ́wọ́ àwọn bàbá rẹ̀? John Dillon náà ní iye owó náà ti pọ̀ jù. Ní tèmi, mi ò lè sọ pé Davitt ṣìnà. Bí a bá wo ti ẹ̀tọ́ nìkan, òdodo ló sọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń dáko ní 1903 kò lè fi òdodo yẹn gbin ọ̀dùnkún. Àríyànjiyàn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí O'Brien fi kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní November 1903. Àwọn kan sì wà tí ìlàjà náà kò rántí dáadáa: àwọn alágbàṣe tí kò ní ilẹ̀ kankan, àti àwọn tí wọ́n ti lé kúrò tipẹ́. Òfin mìíràn ni wọ́n ṣe fún wọn ní 1906 àti 1907.

Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ rọ́ lọ fọwọ́ sí ìwé. Ní 1870, nínú 100 àgbẹ̀ Írẹ́lándì, nǹkan bíi 3 péré ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń ro. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ju ìdajì lọ tó ti rà á tàbí tó ń san án lọ́wọ́. Nígbà tí apá tó pọ̀ jù ní Írẹ́lándì gba òmìnira ní 1922, ìjọba tuntun náà ṣe òfin ní 1923 tó fi dandan mú àwọn onílẹ̀ tó kù.

Gbèsè náà tún dá ìjà sílẹ̀, láàárín orílẹ̀-èdè méjì lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àgbẹ̀ ń san owó, Dublin sì ń fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1932, Éamon de Valera ní òun kò ránṣẹ́ mọ́. Lọ́ńdọ̀nù gbé owó orí lé màlúù tó ń ti Írẹ́lándì wá, Dublin náà gbé tirẹ̀ lé ẹrù Gẹ̀ẹ́sì, ìyà sì jẹ àwọn olówò màlúù fún ọdún mẹ́fà. Ní April 1938, wọ́n tún jókòó. Írẹ́lándì san mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó kéré púpọ̀ sí ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè, ọ̀rọ̀ sì tán. Fún àwọn àgbẹ̀, ìjọba wọn ti dín owó ọdọọdún wọn kù sí ìdajì láti 1933, ṣùgbọ́n kò fagi lé e. Bí a bá ka ọdún 68 àti ààbọ̀ láti 1904, ọdún 1972 ni a ó bá a. Ẹni tó fi àmì àgbélébùú buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ní 1904 nítorí pé kò mọ̀wé kọ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò lọ san èyí tó kẹ́yìn.