Níyì Ọ̀ṣúndáre, Ọmọ Àgbẹ̀ Tí Ó Gbé Ewì Dé Ọjà

 

Ní kíláàsì wa ní Banikanni, ní Parakou níbí, ìyá kan tí ń ta gàrí bi mí léèrè ní alẹ́ ọjọ́ kan pé: "Tíṣà, ẹ ní akéwì ni ọkùnrin yìí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ẹ tún ní èdè òyìnbó ni ó fi ń kéwì. Ṣé ewì wa náà ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí n kò ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin náà fún yín, kí ẹ̀yin náà lè wò ó.

Orúkọ rẹ̀ ni Níyì Ọ̀ṣúndáre. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1947 ni a bí i ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa hun aṣọ. Ẹ fi iṣẹ́ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá wọn pàdé níwájú. Ìlú olókè ni Ìkẹ́rẹ́, òkè Olósùnta tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ á ti gbọ́ ìlù, á ti gbọ́ oríkì, á ti gbọ́ orin oko, kí ó tó mọ ohun tí à ń pè ní A, B, D. Ọ̀ṣúndáre sọ ọ́ léraléra pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ewì, kì í ṣe ní yunifásítì.

Ó lọ sí yunifásítì náà o. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní 1972, ó gba èkejì ní Leeds, ní Ìlú Ọba, ní 1974, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì York ní Kánádà ní 1979. Ìbàdàn ni ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1989.

Yàtọ̀ sí ewì, alámèyítọ́ lítíréṣọ̀ ni. Kí ni iṣẹ́ alámèyítọ́? Ẹ wo àgbà ahunṣọ tí wọ́n gbé aṣọ òfì tí ẹlòmíràn hun wá fún. Á fi ọwọ́ pa á, á wo bí ó ti ki tó, á wo ibi tí òwú ti já, á sì sọ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni alámèyítọ́ ń ṣe fún ìwé. Iṣẹ́ tí Ọ̀ṣúndáre fi gba oyè ọ̀mọ̀wé dá lórí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé láàárín èdè méjì àti àṣà méjì: báwo ni èdè ìyá wọn ṣe ń yọjú lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ? Ẹni tí ó ń fi Bàrìbá ná ọjà ní Parakou, tí ó ń fi Yorùbá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi Faransé dá a lóhùn ní ọ́fíìsì, mọ ọ̀rọ̀ náà láìlọ sí Kánádà. Nígbà tí ó kó àwọn àròkọ rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà jọ di ìwé ní 2002, Thread in the Loom ni ó pè é, èyí ni òwú lórí òfì. Mo rò pé ẹ rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1983. Songs of the Marketplace ni orúkọ rẹ̀, Orin Inú Ọjà. Village Voices, Ohùn Abúlé, tẹ̀ lé e ní 1984. Ọ̀gá ni àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, irú Wole Soyinka àti Christopher Okigbo, ṣùgbọ́n ewì wọn a máa ṣòro fún ẹni tí kò kàwé jìnnà. Ọ̀ṣúndáre àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ewì sọ̀ kalẹ̀ kí ó wá bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n wà. Kò sì fi ẹnu lásán sọ ọ́. Láti 1985, ó ń kọ ewì sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú: ọjà tí ó wọ́n, ìyà mẹ̀kúnnù, ìwà àwọn aláṣẹ. Ẹni tí kò lówó ìwé ewì lè ka ti inú ìwé ìròyìn kí ó tó fi í pọ́n ẹ̀pà.

Ní 1986 ni The Eye of the Earth, Ojú Ilẹ̀, jáde. Ìwé yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ilẹ̀, igbó, òjò, àti àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí bí a ṣe ń gé igbó tán. Ó gba ẹ̀bùn ewì àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth lọ́dún náà, òun àti ẹlòmíràn ni wọ́n jọ pín in. Ní 1991 ó gba ẹ̀bùn Noma nítorí ìwé mìíràn, Waiting Laughters.

Kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan ni ó rí gbà. Ní 1987 àwọn kan dá a lọ́nà ní Ìbàdàn, wọ́n ṣe é léṣe ní orí, díẹ̀ ni ó kù kí ó kú. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá lọ́wọ́ ni ó kọ àwọn ewì Moonsongs, tí ó jáde ní 1988. Ní ayé ìjọba ológun Sani Abacha, láàárín 1993 sí 1998, àwọn ọlọ́pàá inú a máa wá bá a nítorí ewì inú ìwé ìròyìn. Ẹ ò rí nǹkan! Ewì tí kò yé ẹnikẹ́ni kì í mú ọlọ́pàá wá sílé èèyàn.

Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1997, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì New Orleans. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni ìjì Katrina dé, tí omi ya wọ ìlú náà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ sá gun òkè àjà ilé wọn, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí aládùúgbò kan tí ó ní ọkọ̀ ojú omi tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ní Ọ̀ṣun nínú, omi ni ó ká a mọ́ abẹ́ òrùlé. Ìwé rẹ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ kọ tí kò tíì tẹ̀ jáde bá omi lọ. Ó tún jókòó, ó tún kọ; City Without People, ìwé ewì lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà, jáde ní 2011. Ní 2014 Nàìjíríà fún un ní oyè Nigerian National Order of Merit.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè ìyá olùgàrí. N kò fẹ́ tàn yín jẹ. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ka ìwé Ọ̀ṣúndáre bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn ọjà tó. Adébáyọ̀ Fálétí fi Yorùbá kọ tirẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin yóò kọ́kọ́ lè kà. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ka ewì Ọ̀ṣúndáre sókè, ẹ óò gbọ́ ìlù nínú rẹ̀: ó máa ń kọ ọ́ síwájú àwọn kan pé kí a lu ìlù báyìí sí i, ó sì máa ń fi ègbè Yorùbá há Gẹ̀ẹ́sì láàárín. Ohun tí mo sọ fún ìyá nìyẹn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fún òun ní ṣọ́ọ̀kì. Ó dìde, ó sì kọ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kí i sórí pátákó, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án. Àmì abẹ́ ṣ nìkan ni ó gbàgbé, a sì bá a fi í sí i.