Akọni Kan, Olúwa Méjì

Ìtàn ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba tàbí ti ogun. Ìtàn ìwé àdéhùn ni.

Ní ọdún 2014, sinimá kan jáde ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ X-Men: Days of Future Past. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè sáré ju ọta ìbọn lọ. Quicksilver ni. Ní ọdún 2015, sinimá mìíràn tún jáde, Avengers: Age of Ultron. Quicksilver tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òṣèré mìíràn ni ó ṣe é, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sì ti yí padà. Inú ìwé ìtàn aláwòrán ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Marvel, ni àwọn méjèèjì ti wá. Kí ni ó wá sọ ẹnì kan di ẹni méjì?

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìlú New York ni Marvel ti ń tẹ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1962, Stan Lee àti Steve Ditko gbé Spider-Man jáde níbẹ̀, ìtàn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí aláǹtakùn bù jẹ, tí ó sì di ẹni tí ń gun ògiri. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, ọjà ìwé aláwòrán wó lulẹ̀. Gbèsè wọ Marvel lọ́rùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sá lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, kí àwọn tí ó jẹ lówó má baà fà á ya.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Marvel ń ta ẹ̀tọ́ sinimá àwọn akọni rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹbí X-Men bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Fox. Spider-Man bọ́ sọ́wọ́ Sony. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe akọni náà gan-an ni wọ́n tà. Marvel ṣì lè máa tẹ ìwé rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti ta èso igi tí ó wà lórí rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìdè kan tún wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á kò bá ṣe sinimá títí àkókò tí a dá fi kọjá, ẹ̀tọ́ náà yóò padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Daredevil. Fox ṣe sinimá rẹ̀ ní ọdún 2003, wọn kò ṣe òmíràn, nígbà tí ó sì fi di ọdún 2013, Marvel ti gbà á padà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ra akọni kì í fi í jẹ́ kí ó sinmi pẹ́.

Ní ti Quicksilver, ìwé X-Men ni ó ti kọ́kọ́ yọjú ní ọdún 1964. Ní ọdún 1965, ó di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Avengers. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Fox kò gbọdọ̀ dárúkọ Avengers nínú tirẹ̀. Marvel náà kò gbọdọ̀ sọ pé a bí agbára mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àwọn X-Men, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ pè é ní ọmọ Magneto, ẹni tí ìwé fi ṣe bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé àdéhùn gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ!

Kí ni Marvel ṣe? Ní ọdún 2005, ó fi ẹ̀tọ́ sinimá àwọn akọni mẹ́wàá tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dógò, Captain America wà lára wọn, ó sì rí àyè láti yá 525 mílíọ̀nù dọ́là. Bí sinimá náà bá kùnà, àwọn akọni wọ̀nyẹn náà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Iron Man jáde ní ọdún 2008, èrè rẹ̀ sì pọ̀. Ní ọdún 2009, Disney fi nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ra Marvel.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn akọni péjọ nínú The Avengers ní ọdún 2012, Spider-Man kò sí níbẹ̀. Sinimá rẹ̀ ti ọdún 2002 nìkan ti pa ju 800 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ọ̀dọ̀ Sony ni wọ́n sì ti ṣe é. Ọdún 2015 ni àwọn méjèèjì tó jókòó sọ̀rọ̀, tí ọmọ náà fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní ọdún 2016. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ọ̀rọ̀ náà tún dàrú. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti tún un ṣe. Ọdún 2019 kan náà ni Disney ra Fox ní nǹkan bí bílíọ̀nù 71 dọ́là, tí X-Men fi padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sinimá Spider-Man kò kúrò lọ́wọ́ Sony.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe dá Sony lẹ́bi. Wọ́n sanwó, wọ́n sì mú ìwé àdéhùn wọn lò. Ẹ má sì fi Marvel ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí gbèsè ká mọ́ kì í ní àyè yíyàn púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni pé ebi náà tán láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ebi mú wọn fọwọ́ sí kò tán. Bí ọmọ yín bá mọ ìtàn kọ, tàbí tí ó mọ àwòrán yà, tí ẹnì kan sì gbé ìwé wá fún un ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, iye owó nìkan kọ́ ni kí ó béèrè. Kí ó béèrè ohun tí ó ń tà gan-an, àti ọjọ́ tí yóò padà di tirẹ̀.