Àwọ̀ Ara, Ipò Òbí àti Pípín Akẹ́kọ̀ọ́ sí Ọ̀wọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba Amẹ́ríkà

Àwọn tó ń gbèjà pípín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ máa ń ní làákàyè ọmọ ni àwọn ń wò. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè wọ́n. Ipò òbí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n wá ń tọ́ka sí lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀.

Ní 1954, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fòpin sí yíya ọmọ aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Washington. Ní 1956, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀wọ́ mẹ́rin, tí Carl Hansen, tó padà di ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀, jẹ́ olórí agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá gbìyànjú yóò bọ́ sókè. Julius Hobson, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn kan, pe àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́jọ́, Adájọ́ J. Skelly Wright sì wọ́gi lé ètò náà ní 1967. Ó rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kúrò ní ọ̀wọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi wọ́n sí, pé àwọn ọmọ funfun tí òbí wọn rí jájẹ ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ìdánwò náà, àti pé bí àdúgbò bá ṣe tálákà tó ni ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó ní ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rí tó dùn mí jù ni èyí tí Ray Rist, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní 1970, láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní St. Louis. Aláwọ̀ dúdú ni olùkọ́, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo ọmọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n wọ jẹ́lé-ó-sinmi, olùkọ́ ti pín wọn sí tábìlì mẹ́ta, láìṣe ìdánwò kankan. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, orúkọ àwọn tí ìdílé wọn ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, àti ohun tó mọ̀ nípa àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ mọ́, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti olùkọ́, jókòó sí tábìlì kìíní, nítòsí rẹ̀. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ gbó, tí òórùn ìtọ̀ ń jáde lára rẹ̀ nígbà míì, wà lọ́nà jíjìn. Iwájú tábìlì kìíní nìkan ni olùkọ́ ti ń kọ nǹkan sójú pátákó. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kejì, máàkì ìwé kíkà ti wà tó jọ pé ó dá ìpín náà láre: ọ̀wọ́ òkè ń jẹ́ Ẹkùn, ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ Apanilẹ́rìn-ín. Kò sí ọmọ tábìlì kejì tàbí ìkẹta tó di Ẹkùn.

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló há àwọn dúdú mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kò rówó ná. Ipò òbí ló tún wá pín wọn níyà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá ń jà fún ọ̀kan tó gbàgbé èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Òótọ́ ni pé kí a kàn da gbogbo ọmọ pọ̀ kò tó. Chicago ṣe é ní 1997: gbogbo ọmọ kíláàsì kẹsàn-án gbọ́dọ̀ ṣe áljẹ́bírà. Àwọn tó fìdí rẹmi pọ̀ sí i, máàkì kò sì gòkè. Ní 2003, wọ́n fi àkókò ẹ̀kọ́ kejì kún un lójoojúmọ́ fún àwọn tí máàkì wọn kéré. Nígbà tó yá, àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ yẹn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíráàmà, tó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, pọ̀ sí i. Àkókò ẹ̀kọ́ kejì yẹn, pẹ̀lú olùkọ́ tó kún ojú ìwọ̀n, ló yẹ kí ìjọba ìlú kọ́kọ́ náwó sí kí ẹnikẹ́ni tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní olódo.